Ohun Tó Dún Lábẹ́ Ìró

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ tú ìdí ìró yín wò kí ẹ tó gba ẹ̀yáwó ìsọ̀ tí kì í fi ọ̀rá di ọjà.

Ẹ̀yáwó náà ni Ìyá Bólúwajì fi ra fìríìjì rẹ̀ tó ń lo iná oòrùn. Bí fìríìjì bá gbọ́ tí ọ̀rá dún nínú ìsọ̀, yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà sí báńkì tó yá a lówó.

Lọ́jọ́ kan, bí ìyá náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fi ewé di ṣúgà fún oníbàárà, abẹ́ ìró rẹ̀ dún.

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Kí ló dún yẹn?” fìríìjì bi í.

Ìyá Bólúwajì di ìró rẹ̀ mú. Ọ̀rá àlòkù tó ká pamọ́ síbẹ̀ ló dún.

“Inú mi ni. Ẹ̀wà ni mo jẹ.”

Oníbàárà rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀wà tòun tọ̀rá?”

Fìríìjì gbé ẹsẹ̀ kan. “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ká gbọ́.”

Ìyá Bólúwajì dúró gbagidi, kò tilẹ̀ mí, kí ọ̀rá má baà tún dún.

“Èmi ò sọ nǹkan kan mọ́ o,” ni oníbàárà wí.