Òpó Kẹta Ilé Báńkì

Láti ọjọ́ tí ìyá àgbà ti lọ kí ọ̀gá bíríkìlà àtijọ́ kan lórí àìsàn tó padà gbẹ̀mí ẹ̀ ló ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá síwájú ilé báńkì, tó fẹ̀yìn ti òpó kẹta. Báńkì ti kó lọ tipẹ́. Wọ́n fẹ́ wó ilé náà.

Tíṣà kan tó fẹ́ràn ilé àtijọ́ kó èèyàn wá dúró tì í. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi: ẹ wo ilẹ̀kùn idẹ, ẹ wo àjà gíga.

"Òpó kẹta yìí ló wù mí jù. Ó sanra ju àwọn yòókù lọ. Ẹni tó ya àwòrán ilé yìí, orí ẹ̀ pé!"

Ìyá pòṣé. "Ọkọ mi wà lára àwọn bíríkìlà tó mọ òpó yìí. Kò padà wálé mọ́."

Gbogbo àdúgbò mọ ìtàn yẹn. Báńkì ní ọkọ ìyá jalè, ó sì sá lọ. Ọmọ olè ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ títí wọ́n fi dàgbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, katakata dé. Ẹnjiníà ṣí akoto lórí, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Òkúta lásán ni o."

"Òkúta lásán lójú ẹ!" Ìyá fi ìbínú nàka sí i. "Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Katakata yẹn ò ní fẹnu kan ilé yìí lójú mi. Bó o bá láyà, gbé e gorí mi!"

Ó gbé àpótí rẹ̀ síwájú ẹ̀rọ náà gan-an, ó jókòó, ó gbé báàgì rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá òun gbé báàgì yẹn.

Ẹnjiníà wò ó títí, ó mirí. Ó juwọ́ sí awakọ̀, katakata sì fà sẹ́yìn.

Ariwo ayọ̀ sọ. Tíṣà fò sókè. "A ti borí! Ilé wa ò ní wó mọ́!"

Ìyá ṣí báàgì, ó yọ òòlù ọkọ rẹ̀ àti aṣọ funfun gbọọrọ kan, ó kó wọn lé ẹnjiníà lọ́wọ́, ó ní: "Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi wó o, ọmọ mi, òpó kẹta yẹn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì rọra, torí inú ẹ̀ ni ọ̀gá bíríkìlà jẹ́wọ́ fún mi kó tó kú pé àwọn da kọnkéré bo ọkọ mi sí."