Ìda Tí Eudald Fi Dí Ọrùn Alùpùpù

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ yín. Ẹ ó ka ìlà méjì, ẹ ó ní "Olúwa gbà wá," ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Èyí kò gba bẹ́ẹ̀.

1.
Ní abúlé kan lórí òkè ní Catalonia, ní ilẹ̀ Spain, níbi tí àwọn ọkùnrin ti fẹ́ràn alùpùpù àtijọ́ ju ìyàwó lọ, tí àwọn ìyàwó náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta kan wà tó ń jẹ́ Eudald. Ó rí alùpùpù kan nínú ilé adìyẹ, irú èyí tí wọ́n fi ń gun àpáta. Ọdún 1968 ni wọ́n ṣe é. Adìyẹ ti yé sórí ìjókòó rẹ̀. Kò ní ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ọ̀dà pupa tó wọ̀ kúrò ní ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tún un kùn rí.

Lójú ẹgbẹ́ alùpùpù àtijọ́ tí Eudald wà, ohun gbogbo ló ṣeé pààrọ̀, àfi ọ̀dà àkọ́kọ́. Bó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn.

2.
Àwọn ọ̀rẹ́ dìde sí i. Ẹnìkan mú kabúrétọ̀ wá, ẹnìkan mú ẹsẹ̀ iwájú wá. Narcís, bàbá ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin tó kọ́ Eudald ní alùpùpù gígùn láti kékeré, fi bárò ti ẹ́ńjìnnì wá. Ogún ọdún ló ti fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyàwó mi ní kí n mú ọ̀kan, òun tàbí ẹ́ńjìnnì," ni bàbá náà wí. "Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó ná."

Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ara wọn. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹni tó bá fún alùpùpù ní ẹ́ńjìnnì ni yóò kọ́kọ́ gùn ún lójú gbogbo ẹgbẹ́, lọ́jọ́ àfihàn tí adájọ́ máa ń fúnni ní ife ẹ̀yẹ.

3.
Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjọ́ àfihàn pé. Eudald ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ọrùn alùpùpù, níbi tí ẹsẹ̀ iwájú ti so mọ́ ara yòókù. Ó rí ìlà kan, tín-ín-rín bí irun. Ó fi èékánná ha á. Èékánná rì wọlé. Irin náà ti là.

Ẹ̀yin òǹkàwé, Quimet tó ń jó irin wà ní ilé kẹta sí i. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ṣùgbọ́n iná Quimet yóò jó ọ̀dà ọrùn náà dànù, ife ẹ̀yẹ alùpùpù tí a kò tún kùn rí yóò sì bá a lọ.

Quimet fúnra rẹ̀ béèrè. "Ṣé o ti yẹ ọrùn ẹ̀ wò? Àwọn tọdún yẹn, ọrùn ló ń pa wọ́n."

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò."

"Gbé e wá kí èmi náà fojú bà á."

"Quimet, ìwọ rí irin rí kí ọwọ́ ẹ má yún ẹ? Fi alùpùpù mi sílẹ̀."

Quimet rẹ́rìn-ín. Eudald kò kúkú parọ́ mọ́ ọn.

Eudald wọlé, ó yọ́ ìda oyin, ó po ìyẹ̀fun ọ̀dà pupa àti eruku ilé adìyẹ mọ́ ọn, ó fi dí ojú ìlà náà. Ká sọ tòótọ́, ó mọṣẹ́. Bí ẹ fi gíláàsì wò ó, ẹ kò ní í rí i.

4.
Lọ́jọ́ náà, adájọ́ yí alùpùpù ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó gbé ife fún Eudald. Wọ́n jẹ sọ́séèjì sísun àti búrẹ́dì tí wọ́n fi tòmátì ra lára. Narcís wá dé akoto.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi gígùn sílẹ̀ lónìí," ni Eudald wí. "Oòrùn yìí mú jù."

"Ṣé oòrùn ni mo fẹ́ gùn ni?"

"Kí ẹ rọra nígbà náà. Orí ilẹ̀ títẹ́jú nìkan."

"Ẹ gbọ́ ọmọ yìí o. Mo kọ́ ọ ní gígùn, o ń kọ́ mi ní rírọra."

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Gbólóhùn kan péré ló kù kí Eudald sọ. Ó wo adájọ́, ó wo ife, ó dákẹ́.

Bàbá náà darí sí òkè kékeré tó ti ń gùn láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Alùpùpù fò díẹ̀. Bí táyà iwájú ṣe padà kan ilẹ̀, ọrùn já. Narcís fi orí sọlẹ̀.

5.
Lẹ́yìn tí wọ́n gbé bàbá lọ, Quimet bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọrùn tó já.

"Ibi tó ń dán yìí, òní ló já," ló wí. "Ibi tó dípẹtà yìí ti là tipẹ́." Ó fi ìka nù ún, ó gbé ìka sí imú. "Ìda nìyí. Ilé kẹta, Eudald. Ilé kẹta ni mo wà."

Ó ní òun kò ní í sọ fún bàbá náà. Ẹni tó ṣe é ni kó fi ẹnu ara rẹ̀ lọ sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, kò bá Eudald sọ̀rọ̀ mọ́.

6.
Narcís kò kú. Ṣùgbọ́n láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò sí ohun tó ń mì lára rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni Eudald tó lọ sí ọsibítù. Ó há ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sórí láti ilé. Remei, ìyàwó bàbá náà, ń fi ṣíbí fún ọkọ rẹ̀ lọ́bẹ̀.

Kí Eudald tó lanu, bàbá náà sọ̀rọ̀. "Má bínú, ọmọ mi. O ní kí n rọra. Mo ba alùpùpù ẹ jẹ́. Agídí mi ni."

"Ojoojúmọ́ ló ń wí i," ni Remei sọ. "Kò jẹ́ kó sùn. Jọ̀ọ́, sọ fún un pé o ti dárí jì í, kó lè sinmi."

Eudald lanu. Gbogbo ohun tó há sórí wà lẹ́nu rẹ̀.

"Mo ti dárí jì yín, Bàbá," ló wí.

Omi bọ́ lójú Narcís. Kò lè nù ún. Remei ló bá a nù ún.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kìlọ̀ fún yín. Ohunkóhun tí ẹlòmíràn yóò gùn, tí yóò gbé inú rẹ̀, tàbí tí yóò jẹ, bí ẹ bá rí ibi tó là lára rẹ̀, ẹ pariwo lọ́jọ́ náà gan-an, bí ife ẹ̀yẹ tilẹ̀ máa lọ. Ẹni tó bá dákẹ́ lónìí yóò rí i pé lọ́la, ẹnu rẹ̀ kò ní í gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Àwọn àgbà ti wí i: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Èyí tó ti lanu, ẹ má kùn ún lọ́dà.