Olú Ilẹ̀ Bátìrì

Gàníyù ti jẹun yó kó tó béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ibi tó ti rí olú.

"Orí ilẹ̀ tó ṣófo ní ìparí òpópónà yìí ni," Màmá dáhùn. "Ó hù yọ lára àwọn àpò koríko. Àbí wọn kì í jẹ olú ní Chicago ni?"

Àyà Gàníyù já. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbin olú náà. Ilé iṣẹ́ bátìrì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òjé, irin olóró inú bátìrì, sì kún inú ilẹ̀ náà. Olú ni yóò fà á jáde, wọn yóò wá ká a dànù. Wọ́n kọ ìkìlọ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí Màmá dé láti Ìsẹ́yìn.

"Ta ló tún jẹ nínú ẹ̀, Màmá?"

"Èmi ni mo jẹ ẹ́ jù. Ìyàwó ẹ náà jẹ kó tó lọ sí ṣífùtù."

Ó yíjú sí Amatullah, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà.

"Daddy, I didn't eat it. Ó ń rùn. Gaàrí ni mo mu."

"Alhamdulillah!" Ó gbá ọmọ náà mọ́ra. Ó kéré tán, ẹnì kan yóò ṣẹ́kù nínú ilé yìí.

Ó sáré pọn omi ẹ̀rọ, ó mu ún, ó gbé ife kan fún Màmá. Màmá kọ̀ ọ́, ó na ọwọ́ sí omi inú ike tó máa ń mu.

"Mi ò mọ ibi tí páìpù yín gbà wá."

Lọ́jọ́ mìíràn, Gàníyù ì bá rẹ́rìn-ín. Lónìí, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ló ń wá. Ó pe ìyàwó rẹ̀: "Kùdí, meet us at the ER, now! Màmá ká olú site wa."

Nínú mọ́tò, Amatullah ní inú ń run òun, bó ṣe máa ń sọ láràárọ̀. Gàníyù ní kó fara balẹ̀, Màmá ni ọ̀rọ̀ kàn.

Ní ọsibítù, dókítà ní òun yóò gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn.

"Not her," Gàníyù ní. "Kò fẹnu kàn án."

Dókítà gba tirẹ̀ náà. Ọjọ́ méjì ni Gàníyù kò fi lè sùn, tó ń gbàdúrà fún ìyá rẹ̀.

Nígbà tí èsì dé, ẹ̀jẹ̀ Màmá mọ́ ju ti gbogbo wọn lọ; Amatullah ni òjé kún ara rẹ̀, dókítà sì ní ó ní láti jẹ́ pé ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń mu ún nínú omi ẹ̀rọ.