Òkúta Ẹnu Ọjà

Ní ìlú ọjà kékeré kan lábẹ́ àwọn òkè Dassa, lójú títì tó lọ sí Glazoué, ìgbìmọ̀ ọjà gbé òkúta gíga kan nàró. Orúkọ àwọn èèyàn ńlá tí ìlú náà ti ní ni wọ́n gbẹ́ sí i lára. Ọjọ́ Sátidé ni fáda ń bọ̀ wá yà á sí mímọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, Dorothée, tó ń dáko iṣu ní Kpingni, sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó. Ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó tún un kà láti òkè. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó gba ilé Lambert lọ, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ náà. Kò kí i.

"Maître, nítorí bàbá bàbá mi ni mo ṣe wá. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó kọ orúkọ, ta lẹ bi?"

Lambert fi àga lọ̀ ọ́. Kò jókòó.

"Màmá, a bi àwọn àgbà. A sì ti gbẹ́ ẹ tán. Òkúta kì í ṣe ìwé."

"Ẹ ò bi mí."

"Éloi àbúrò yín wá sípàdé. Kò wí nǹkan kan."

"Èmi ń wí i báyìí."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó. Ẹ mú ẹ̀rí wá."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Éloi lọ bá a lóko.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi bàbá bàbá wa sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn èèyàn á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

"Bó ṣe wà yẹn ló ń bí mi nínú."

Dorothée ń kọ ebè lọ. Ó ń ṣán ọkọ́ mọ́lẹ̀ títí eèkù fi dá.

Ní Ọjọ́rú, ó ṣí àpótí tí bàbá bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó sì mú ìwé kan tí òǹtẹ̀ àwọn Faransé wà lára rẹ̀. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Lèma, sọ́dọ̀ Màmá Ẹ̀ta, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún.

"Màmá, ṣé ẹ rántí rẹ̀?"

"Ta ni yóò gbàgbé rẹ̀? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ẹnì kan láti ilé yín."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, àwọn méjèèjì jókòó níwájú Lambert. Ìyá arúgbó náà sọ̀rọ̀ pẹ́. Lambert ka ìwé náà tán, ó sì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"A ò mọ̀," ó ní.

"Ẹ ti mọ̀ báyìí," Dorothée ní.

"Ọ̀la ni fáda ń bọ̀, Màmá."

"Ilẹ̀ ò tíì ṣú."

Lambert fi fóònù pe Landry, agbẹ́kùúta. Kí ó tó dé, èrò ọjà ti pé. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì fún Màmá Ẹ̀ta. Dorothée wà ní ìdúró.

"Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Landry bi í.

Dorothée na ìka sí ibẹ̀.

Landry fi òòlù lu irin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha orúkọ kẹta kúrò lára òkúta, orúkọ bàbá bàbá Dorothée, olóyè tó so ọkùnrin méjìdínlógójì lókùn fún òyìnbó láti lọ la títì, bàbá Màmá Ẹ̀ta wà nínú wọn, ẹnì kankan kò sì padà wálé.