Àdúgbò Tí Kamen Ò Fẹ́ Dé

Kamen lóun ò dé ìlú Plovdiv rí, àmọ́ ó mọ àdúgbò tó ń sá fún.

"Zornitsa, kò sí nǹkan àwòṣífìlà níbí. Jẹ́ ká padà."

"Àní mo fẹ́ débẹ̀! Ṣebí ìgbafẹ́ ló gbé wa wá?"

Ìyàwó rẹ̀ fà á dé ẹnu ilẹ̀kùn kan tí wọ́n lẹ ìwé ìkéde òkú mọ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nílé ọ̀fọ̀.

Fọ́tò Kamen ló wà lórí ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Ìyàwó rẹ̀, Ralitsa, ló ń dárò rẹ̀."

Obìnrin aláṣọ dúdú kan ṣílẹ̀kùn. Ó rí Kamen, ó figbe ta.

Zornitsa rẹ́rìn-ín.

"O kú ara fẹ́ra kù, ìyàwó mi. Èmi ni mo pè ọ́ lánàá pé ó kú. Òkú rẹ rèé. Gbé e wọlé, kó o sin ín."