Fún Gbogbo Ènìyàn

Orí kunkun Rhoda ti sú wọn ní ọ́fíìsì. Ilé-iṣẹ́ epo ní Mọlútẹ̀hìn ló ń bá ṣiṣẹ́, gbogbo kọ̀ǹpútà ibẹ̀ sì so mọ́ ti Èkó. Ẹni tí kò bá ní páàsíwọ́ọ̀dù Èkó kò lè fi nǹkan tuntun sínú wọn fún ìlò gbogbo òṣìṣẹ́.

Ètò tó ń fi ìgbà tí òkun máa kún hàn ni Rhoda fẹ́ fi síbẹ̀. Òkun ti gbé ilé púpọ̀ lọ ní ìlú rẹ̀, ìlú ìjọ tí wọ́n ti ń jẹ tí wọ́n ti ń mu ní àpapọ̀, ilé màmá rẹ̀, Hánà, ló sì kù níwájú òkun báyìí. Màmá fi àáké kọ́rí pé òun ò ní kó kúrò níbẹ̀ àfi bí Sólómọ́nì bá dé, àkọ́bí rẹ̀ tó bínú lọ sí Èkó, tí kì í gbé ìpè ilé mọ́. Àyà Rhoda ń já ní gbogbo ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá yí padà.

Adégbóyè tí wọ́n jọ ń jókòó fi ọ̀nà hàn án. Ètò náà á béèrè bóyá fún ìwọ nìkan ni o fẹ́ ẹ, àbí fún gbogbo ènìyàn.

"Tẹ 'èmi nìkan'. Kò ní béèrè páàsíwọ́ọ̀dù, Èkó ò sì ní gbọ́."

Ó yé Rhoda dáadáa. Ó tẹ "gbogbo ènìyàn". Kọ̀ǹpútà kọ̀ fún un, ìkìlọ̀ sì dé láti ọ̀dọ̀ Lawrence, ọ̀gá kọ̀ǹpútà ní Èkó. Ẹnikẹ́ni kò mọ ojú ọkùnrin náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù ọ́fíìsì, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an sì ni Rhoda gbé ọ̀rọ̀ ètò òkun yìí dé.

Ó tún tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Adégbóyè bi í bóyá ó fẹ́ kí wọ́n lé e níṣẹ́ ni.

"Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í ní tèmi nìkan," ni Rhoda wí, ó sì tún tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ń pè é ní Ìyá Àpapọ̀. Ìgbà tí ìròyìn dé pé Lawrence ń bọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ̀rín pin. Olówòkéré, ọ̀gá ọ́fíìsì, ní kó tètè lọ bẹ̀bẹ̀. Rhoda ní òun ò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ àjẹ̀ ni Rhoda háyà wá síbi iṣẹ́, ó sì ní kí atukọ̀ dúró de òun ní èbúté. Lawrence dé pẹ̀lú bàtà dídán. Ó fò láti inú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì bọ́ sórí pákó, kò di ọwọ́ ẹnikẹ́ni mú. Wọ́n gbé ẹja yíyan fún un. Ó kọ́kọ́ pín in kárí gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá kó tó fi kan ẹnu. Lẹ́yìn náà ó jókòó ti Rhoda, kò wo ojú rẹ̀, ó ní kó fi ohun tó ń ṣe han òun.

Rhoda tẹ "gbogbo ènìyàn" níṣojú rẹ̀. Adégbóyè di orí mú.

"Ká ní 'èmi nìkan' lo tẹ̀," ni Lawrence wí, "ò bá ti máa lò ó tipẹ́, n kì bá sì ti mọ̀ láéláé."

"Mo mọ̀, Bùrọ̀dá Sólómọ́nì, bí mo ṣe mọ ohùn yín lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn láìka orúkọ Lawrence sí," ni Rhoda fèsì, "ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ yìí nìkan ni mo rí tó lè gbé yín dé ibí, ẹ dìde, Màmá ń dúró dè yín nínú ọkọ̀."