Ọkọ Hanifah Tó Wà ní Ìbẹ̀fun

Páànù àti ìṣó ni Alhaji Mukhtar ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde, Hanifah ìyàwó rẹ̀ ló sì ń jókòó ti kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù. Kọ̀ǹpútà náà ti gbó. Bí wọ́n bá ní kó gbé àwòrán kan ṣoṣo jáde, yóò dákú. Ojú dúdú kan tí lẹ́tà funfun ń tò wálẹ̀ lórí rẹ̀ ni Hanifah sábà máa ń ṣí, Mukhtar sì gbà pé iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni. Odidi ọdún kan ló fi gbà bẹ́ẹ̀.

Mukhtar kì í fi ilé rẹ̀ ṣeré. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí Kúbúrátù àbúrò rẹ̀ lọ fẹ́ ọmọ Fáṣadé, ìdílé àgbẹ̀ tó ṣì ń bọ Ògún, ó lé e jáde, ó sì fi Kùránì búra pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé òun mọ́. Wọ́n ní ìhà Ìmùṣin ni tọkọtaya náà kọrí sí. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó dárúkọ yẹn. Ní ti Hanifah, kò tilẹ̀ pè é rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Hanifah lọ kírun, kò sì pa kọ̀ǹpútà. Mukhtar ń wá bírò lórí tábìlì nígbà tí ojú rẹ̀ ṣèèṣì bọ́ sórí ìlà kan:

"Oko mi, se e ti jeun?"

Òun kọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹnì kan tó ń jẹ́ agbe_ibefun ni. Mukhtar tẹ bọ́tìnì kan kó lè rí ìyókù, gbogbo rẹ̀ bá parẹ́. Nígbà tí Hanifah fi máa dé, ọkọ rẹ̀ ń ṣa ìṣó.

Ọ̀dọ̀ Usamah tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òdìkejì títì ló gbà lọ.

"Ibi táwọn èèyàn ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ ni, Alhaji," Usamah ṣàlàyé. "Àwọn kan ń fi àwòrán lò ó. Eléyìí, ọ̀rọ̀ lásán ni. Ẹ ó kọ àṣẹ, ẹ ó tẹ Ẹ́ńtà, ó parí."

"Níbo ni n ó ti fọwọ́ kàn án?"

"Kò síbi tẹ́ ẹ máa fọwọ́ kàn. Kíkọ ni ẹ ó máa kọ ọ́."

Ọjọ́ mẹ́fà ló fi kọ́ ọ, bí ọmọ ilé-kéwú tó ń kọ́ alífù. Usamah bá a ṣí orúkọ kan tí ẹnikẹ́ni kò lè dá mọ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Alhaji fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé ni: "BAWO NI MO SE MAA JADE NIBI". Èèyàn mọ́kànlá fi í ṣẹ̀rín. Ẹnì kan ṣoṣo ló ràn án lọ́wọ́: "E te q. E pele." Hanifah ni, kò sì mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Mukhtar tẹ q, ó jáde. Ọkàn rẹ̀ wá gbọgbẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ó fẹ́ràn obìnrin náà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Hanifah lọ sọ́jà. Mukhtar ké sí Usamah, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó kọ àṣẹ, ó tẹ Ẹ́ńtà. Ọ̀rọ̀ oṣù méjì tí Hanifah ti kọ sí agbe_ibefun tò wálẹ̀.

"Oko mi, se ese yin si n wu?"

"Oko mi, Alhaji o gbodo mo."

"Ola ni maa de Ibefun. Agbo ti wa nile."

Usamah họ orí. "Kò sí àmì lórí ẹ̀, Alhaji. Ó lè jẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń wí."

"Ta ló ń bi mọ́tò bóyá ó ti jẹun?"

"Oko ńkọ́? Àgbẹ̀ lonítọ̀hún kúkú pe ara ẹ̀."

"Ẹsẹ̀ oko ló wá ń wú?"



Mukhtar ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Àgbàlagbà ni, torí "ẹ" ni Hanifah ń pè é, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wú. Olówó ni, torí kí ni obìnrin tún fẹ́ wá lọ́dọ̀ arúgbó ẹlẹ́sẹ̀ wíwú? Hanifah tún ń se àgbo fún un. Nígbà tí ibà dá òun wólẹ̀ lóṣù tó kọjá, parasitamọ́ọ̀ méjì ni wọ́n jù sí òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Hanifah ní òun fẹ́ lọ kí ẹnì kan táwọn jọ kàwé ní Ìjagun.

"Bá mi kí i," Mukhtar wí.

Bó ṣe jáde tán, Mukhtar lọ bá Alhaji Mọ́rúfù, àbúrò bàbá rẹ̀. Ó fẹ́ kọ ìyàwó rẹ̀ lójú àgbà, kí ẹnikẹ́ni má bàa bá òun wí lẹ́yìn ọ̀la.

"Ṣé o ti gbọ́ tẹnu ẹ̀?" Bàbá bi í. "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni."

"Mo ti kà á, Bàbá. Ọkọ mi ló ń pe ẹni náà!"

"Ọkọ mi," ni Bàbá tún un sọ. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀ díẹ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun mú fìlà wá, ó sì ki tẹ̀sùbáà bọ àpò.

Mọ́tò tí Hanifah wọ̀ ò tíì kún nígbà tí wọ́n dé gáréèjì, wọ́n sì tẹ̀ lé e lókèèrè. Kò yà sí Ìjagun. Ìbẹ̀fun ló lọ tààrà, ó sì wọ ilé kékeré kan tí wọ́n so àgbò ńlá kan mọ́ ìdí ọsàn lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Mukhtar wo àgbò náà títí.

"Bàbá, àgbò ni wọ́n ń wí! Yìgì ni wọ́n fẹ́ so!"

"Rọra," Bàbá wí. "Kan ilẹ̀kùn."

Mukhtar kan ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀. Hanifah ló ṣílẹ̀kùn. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo Bàbá lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú fìlà lórí, orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì yíjú sí yàrá:

"Ọkọ mi, ẹ gbé ọmọ jáde o, ẹ̀gbọ́n yín ti mú Bàbá wá sọ ọ́ lórúkọ!"